Ta Ló Ni Ohun Tí Gbogbo Wa Jọ Ni?

Ọmọ mi obìnrin, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọdún Iléyá la bá lọ sílé, ní Òkè-Sópẹ̀n, Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí n tó bọ́ aṣọ ìrìnàjò lára, ọmọ náà ti bá àwọn ọmọ àdúgbò lọ sí pápá ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀lù láti gbá bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ tó fi padà dé tòun ti omijé lójú. Bàbá tó ń ṣọ́ họ́ọ̀lù ti fi pàṣán lé gbogbo wọn. Ó ní ẹnì kan ti sanwó ibẹ̀ fún ìnáwó ọjọ́ kejì, kí wọ́n má bà á jẹ́.

"Dádì, ta ló ni ibẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Ti gbogbo wa ni."

Ó wò mí títí. "Ṣé èmi náà wà nínú gbogbo wa?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi lé mi?"

Ẹ̀yin ònkàwé mi, ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn jẹun. Mo ti fọ̀rọ̀ wá gómìnà lẹ́nu wò, mo sì ti bi ọ̀gá ọlọ́pàá ní ìbéèrè tí inú rẹ̀ kò dùn sí. Ṣùgbọ́n n kò rí èsì kan fọ̀ fún ọmọ yìí. Mo ní kó lọ jẹun. Bí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu àgbà, oúnjẹ ló máa fi ń lé ọmọdé lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún ará Òkè-Sópẹ̀n pé páàkì lẹ ń lọ, ibi tí àwọn agbèrò ti ń pariwo "Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnì kan ló kù!" ni yóò júwe fún yín. Gáréèjì ni páàkì lọ́dọ̀ tiwa. Ibi tí ènìyàn ń lọ jókòó sábẹ́ igi láìní iṣẹ́ kan pàtó í ṣe, tí àwọn òyìnbó ń pè ní páàkì, a kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún un. Àwọn kan wá rò pé a kò ní irú rẹ̀ rí. Irọ́ ni. A ní ojúde, a ní ìta, a ní àgbàlá agboolé, a ní abẹ́ igi odán tí àwọn bàbá wa ti ń ta ayò. Ẹ wo orúkọ àdúgbò ní Ìjẹ̀bú-Òde: Ìta-Àlẹ̀. Ẹ lọ sí Èkó, ẹ ó bá Ìta Fájì àti Ìta Tinúbú tó ń jẹ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò tó kú ní 1887. Gbogbo "ìta" wọ̀nyí, ibi gbangba ni wọ́n kí ilé tó bò wọ́n. Àwọn tó ṣáájú wa mọ̀ pé ìlú tí kò bá ní ibi tí ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn lè dé, agboolé lásán tó pọ̀ lójú kan ni.

Ojúde Ọba tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifísọ̀n lónìí, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ṣé kì í ṣe orúkọ ibi ni? Iwájú ilé Awùjalẹ̀ ni. Wọ́n ti kọ́ ibi ìjókòó ńlá síbẹ̀ báyìí, àwọn ilé iṣẹ́ a sì máa so àsíá ìpolówó ọjà wọn káàkiri, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ kò yí padà. Ẹni tí kò ní àga láàfin lè dúró lójúde kí ọba rí i, kí òun náà rí ọba. Àwọn régbérégbé tó ń jó kọjá níbẹ̀ lónìí pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, iṣẹ́ ìlú ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà fún láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má gbàgbé èyí o, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ti ilé ńkọ́? Kí òyìnbó tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n ní 1892, tí káńsù àti kóòtù sì dé, ilédì Òṣùgbó ni ilé ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbìmọ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé ayé àtijọ́ dára ju tòní lọ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń wọ ilédì. Àlejò kì í wọ̀ ọ́, ẹrú kì í wọ̀ ọ́, bí a bá sì yọ àwọn Erelú kúrò, obìnrin kì í wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n bá sì fẹnu kò lé lórí nínú rẹ̀, gbogbo ìlú ló dè. Nítorí náà, ọjọ́ ti pẹ́ tí "gbogbo wa" ti ní ẹnu ọ̀nà, tí ẹnì kan sì ti ń ṣọ́ ọ.

Igbó náà wà. Àwọn igbó òrìṣà tí wọ́n kì í dá oko sí, tí wọ́n kì í ṣọdẹ nínú wọn, ni èmi ń pè ní páàkì àwọn baba wa. Púpọ̀ nínú wọn ti di ilé àti ilé epo. Ti Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ló ṣẹ́kù tí gbogbo ayé mọ̀. Àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, lẹ́yìn tí Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tó di olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún dúró dè é lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gé e tà. Obìnrin náà kú ní 2009, igbó ṣì wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù òrìṣà ló kọ́kọ́ dáàbò bo ibẹ̀. Nígbà tí ìbẹ̀rù dín kù, àwọn ènìyàn díẹ̀ tó kọ̀ jálẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà ṣe.

Òyìnbó dé, ọ̀nà mìíràn sì ṣí. Ní 1859, Ọba Dòsùnmú fún wọn ní ilẹ̀ kan ní Èkó fún eré ẹṣin. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1861, wọ́n gba Èkó fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ eré ẹṣin yẹn ni wọ́n ti sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀, tí wọ́n sì fa tiwa sókè nígbà tí a gba òmìnira ní 1960. Ní 1972, wọ́n kọ́ ohun tí a ń pè ní Tafawa Balewa Square síbẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni: ọba ló fi tọrẹ, òyìnbó gun ẹṣin lórí rẹ̀, gbogbo ìlú pé jọ síbẹ̀ lóru ọjọ́ kan láti yọ̀, wọ́n sì mọ odi yí i ká.

Àwọn gbọ̀ngàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Glover Hall ní Èkó gba orúkọ gómìnà òyìnbó. Abẹ́òkúta kọ́ Centenary Hall sí Aké láti fi sàmì sí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Ìbàdàn ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, lórí òkè, pẹ̀lú àwọn òpó ràgàjì tí ènìyàn ń rí láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òtítọ́ yóò gbà pé agbára ìjọba ni wọ́n fi púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí hàn. Mápó ga tó bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè mọ̀ pé ìsàlẹ̀ lòun wà.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣe. Glover Hall ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, ní oṣù Kẹjọ 1903. Ibẹ̀ náà ni Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà ní ìtòsí Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ti kọ́kọ́ gbé eré onílù àti orin jáde ní oṣù Kẹfà 1944. Kí ni eré náà wà fún? Láti kó owó jọ fún kíkọ́ ilé ìjọsìn. Ilé kan bí òmíràn. Nínú gbọ̀ngàn tó ń jẹ́ orúkọ gómìnà, ọmọ ọlọ́pàá kan — rárá, Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ọlọ́pàá nígbà yẹn — bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sọ tíátà di ti Yorùbá. Kò sí ẹni tó kọ́ ilé náà tó ní i lọ́kàn. Ohun tó dára jù lára ilé gbogbo ènìyàn nìyí: ẹni tó kọ́ ọ kò lè mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Mo lè dúró síbí kí n máa yin ibi gbangba títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n mo ti gbé Èkó pẹ́ ju kí n má mọ̀ pé "ti gbogbo ènìyàn" lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gba ohun ẹnì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín ìlú Èkó kí ìlú lè dára, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pàdánù ìsọ̀ àti oníbàárà wọn. Àwọn ará New York náà ṣe irú rẹ̀. Páàkì ńlá tí wọ́n ń pè ní Central Park, tí gbogbo àlejò ń ya fọ́tò níbẹ̀, abúlé àwọn ènìyàn dúdú kan wà lára ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Seneca Village. Láti 1825 ni wọ́n ti ń ra ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fi máa di ìparí 1857, wọ́n ti lé gbogbo wọn. Wọ́n san owó fún àwọn onílẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní ìlú yẹn nígbà náà, ọkùnrin dúdú tí kò bá ní dúkìá tó tó 250 dọ́là kò lè dìbò. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ lè pàdánù ìbò rẹ̀ mọ́ ọn. Kí àwọn kan lè rí ibi fẹ́ atẹ́gùn, ohùn àwọn mìíràn lè pa rẹ́ nínú ìlú.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yí padà náà. Ní Broad Street l'Ékòó, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí òyìnbó kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria wà níbẹ̀ títí wọ́n fi wó o ní 1979. Nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún ní 2010, wọ́n ṣí ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Freedom Park. Àwọn ènìyàn ń mu ọtí, wọ́n ń gbọ́ orin níbi tí wọ́n ti ń ti àwọn baba wọn mọ́lé. Mo máa ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kì í sábà bá mi níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó ń dùn mí.

Ní 1912, nígbà tí ìjọba òyìnbó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ẹlẹ́sí ti Odògbólú, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí, sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn amòfin kò yé sọ títí dòní. Ohun tó sọ ni pé ìdílé ńlá kan ló ni ilẹ̀: èyí tó ti kú nínú wọn pọ̀, èyí tó wà láàyè kò tó nǹkan, èyí tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí irú ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Olóyè Olúwa ti Èkó, tí Herbert Macaulay bá lọ, ń jà fún ilẹ̀ Àpápá. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà dá a láre pé àwùjọ ló ni ilẹ̀, ìjọba tó gbà á gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀ bí ẹni tó gba ohun tó ní olúwa. Lẹ́yìn èyí, ní 1978, ìjọba ológun ṣe òfin tó kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà, kó máa dì í mú fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń lọ.

Bí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́sí bá jẹ́ òtítọ́, àwa tó wà láàyè la kéré jù nínú ìdílé náà. A dà bí ẹni méjì tó jókòó nínú ìpàdé ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwa méjì yìí nìkan la lè nawọ́ sókè.

Èmi nawọ́ sókè.

Ọdún 2019 ni. Ìpàdé àwọn ọmọ àdúgbò wa tó wà l'Ékòó ni, ní ọ̀sán Àìkú kan, ní Mushin. A kò ju ogójì lọ. Alága sọ pé òrùlé họ́ọ̀lù wa nílé ń jò, páànù ti dípẹtà, àjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀. Wọ́n ti kọ̀wé síta fún ìdáwó lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó wọlé kò ra ìdá mẹ́rin páànù. Àwọn àgbà nílé wá dá a lábàá pé kí a gé ìdajì pápá, èyí tó kọjú sí títì, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kí a yá wọn fún àwọn oníṣòwò fún ọdún márùn-ún-lé-lógún. Owó rẹ̀ yóò tún òrùlé ṣe, yóò ra jẹnẹrétọ̀. Ta ló fara mọ́ ọn?

Ká sòótọ́, ọbẹ̀ ata díndín ń ta sánsán láti ẹ̀yìnkùnlé. Òjò ṣú. Mo ní iṣẹ́ láti kọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo nawọ́ sókè, mo sì jẹ ìrẹsì mi. N kò tilẹ̀ rántí pé mo gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá yẹn títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́ girama.

Alága náà kì í ṣe olè o. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, nítorí bí àwa oníwèé ìròyìn bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, olè la máa ń wá kiri. Owó náà wọlé, ìwé ìṣirò rẹ̀ mọ́. Òrùlé kò jò mọ́. Ẹ̀rọ amúnáwá wà. Pápá tí a sì ń sunkún rẹ̀ yìí, lápá títì yẹn, ààtàn ló ti fẹ́ẹ̀ dà kí wọ́n tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ nìkan ló ń lò ó. Obìnrin kan tó ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kẹta ń fi ibẹ̀ tọ́ ọmọ mẹ́rin. Bí Ẹlẹ́sí bá jí dìde, ṣé yóò ní kó kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde nítorí ọmọ tí a kò tíì bí? Ti ọmọ mẹ́rin tó ti bí ńkọ́?

Ohun tí mo rò lóru ọjọ́ Iléyá yẹn nìyí. Ká ní àwọn baba wa sọ pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ àjùmọ̀ni, kò ní sí ilé ẹ̀kọ́ kankan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀, wọ́n gé igbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́, ọwọ́ gbogbo ènìyàn ló ti kúrò, ọwọ́ gbogbo ènìyàn náà ló tún bọ́ sí. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Tiwa kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tí kò lówó, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó lè sanwó ọdún márùn-ún-lé-lógún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń lò ó kò sì sí nínú ìpàdé. Àwa tó wà nínú ìpàdé kò lò ó mọ́. Bí ọmọ mi bá fẹ́ ṣeré l'Ékòó, mo máa ń gbé e lọ sí páàkì tí ìjọba ṣe ní Aláùsá. Owó ṣíṣẹ́ ẹ̀kọ́ọ̀kan ni mo fi ń wo pápá ilé.

Ohun kejì tó ń gún mi lọ́kàn ni òkúta mábù tó wà lára ògiri họ́ọ̀lù náà. Orúkọ àwọn tó dáwó ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹni tó dáwó jù lókè, ẹni tó dá díẹ̀ nísàlẹ̀. N kò bínú sí wọn, owó ni wọ́n san. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ìyá mi wà lára àwọn obìnrin tó ń ru yanrìn ní gbogbo Sátidé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, agolo mílíìkì ni mo fi ń pọn omi tẹ̀lé wọn. Régbérégbé tiwọn ló ń pín iṣẹ́: àwọn wọ̀nyí yóò pọnmi, àwọn wọ̀nyí yóò ru yanrìn, ẹni tí kò bá wá yóò san owó ìtanràn. Orúkọ omi kò sí lára ògiri. Síbẹ̀, ẹ gbìyànjú kí ẹ po sìmẹ́ńtì láìsí omi.

Mo bi ìyá mi léèrè, "Màmá, nígbà tí ẹ̀ ń kọ́ họ́ọ̀lù yẹn, ti ta lẹ rò pé ó jẹ́?"

Ó ní, "Àkànní, a ò ronú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. A kàn mọ̀ pé bí a bá ń ṣe òkú, òjò ò ní pa àwọn àlejò mọ́."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní nígbà tí ọ̀rẹ́ òun kan tí wọ́n jọ ru yanrìn kú ní ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí owó họ́ọ̀lù san. Títì ni wọ́n dí, wọ́n ta ìbòòrùn síbẹ̀. Òjò sì rọ̀.

Ìyá mi kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ẹ̀gúsí ló ń bó.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ họ́ọ̀lù. Mo kí i, mo ní, "Bàbá, àwọn ọmọ tí ẹ lé lánàá, tèmi wà nínú wọn." Mo ti múra ìjà. Bàbá náà kò bá mi jà. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó mú ìwé kan jáde nínú àpò láílọ́ọ̀nù. Ìwé ẹgbẹ́ wa ni, pẹ̀lú òǹtẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lórí ìyókù pápá láti dáàbò bo gíláàsì ṣọ́ọ̀bù àti nítorí àwọn oníbàárà họ́ọ̀lù.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará Èkó lẹ kọ ọ́. Èmi ò mọ̀wé, wọ́n kà á fún mi ni. Bí ẹ bá ní kí wọ́n máa gbá a, ẹ kọ òmíràn wá. Ọmọ-ọmọ tèmi náà wà nínú àwọn tí mo nà."

Mo fún un lówó ọdún. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Mo ti wá rò ó pé ọ̀nà méjì ni a gbà ń sọ "ti gbogbo wa," wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan ni èyí tí a fi ń sọ pé ohun kan jẹ́ ti ìjọba: ìyẹn ni pé kì í ṣe tèmi, kí ẹlòmíràn lọ gbá a. Èkejì ni ti àwọn obìnrin tó ń ru yanrìn, tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá wá ní Sátidé yóò san owó ìtanràn. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní, lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé àjọní náà kì í dúró bí ẹnì kan kò bá ru nǹkan. Ìgbà tí ọwọ́ kúrò níbẹ̀ ni ewúrẹ́ dé, lẹ́yìn ewúrẹ́ ni ààtàn, lẹ́yìn ààtàn ni alága tó ní ká gé e tà, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ló ń pa. A ti ta pápá náà tipẹ́ kí n tó nawọ́ sókè. Ọjọ́ tí a dẹ́kun gígé koríko ibẹ̀ la tà á.

Èyí kò wẹ ọwọ́ mi mọ́ o. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí ni.

Lóṣù tó kọjá, ìwé ìpàdé dé. Ẹnì kan fẹ́ gba ìyókù pápá náà, kó kọ́ ibi ayẹyẹ ìgbàlódé síbẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti gbogbo ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Owó tó fẹ́ san kò kéré. Mo lọ. Mo jókòó síwájú lọ́tẹ̀ yìí, kí n má bàa gbọ́ òórùn ọbẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Mo ní mo nawọ́ sókè ní 2019, mo ṣì í. Mo ní kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, kí wọ́n yí ìwé tó wà lọ́wọ́ bàbá ọlọ́dẹ padà, kí ìdílé tó ń ṣe òkú ládùúgbò máa lo họ́ọ̀lù ní ìdajì owó. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ó ní oníwèé ìròyìn ti dé.

Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí lókè gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, àbúrò. Ọ̀rọ̀ yín dára. Koríko ibẹ̀ ò ní gé ara ẹ̀. Iná jẹnẹrétọ̀ ò ní san owó epo ara ẹ̀. Bí a bá dín owó òkú kù, ta ló máa fi kún un? Èló ni tiyín lọ́dún?"

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo ro owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Mo ro owó ilé. Mo ní ₦150,000.

Ó ní, "Lọ́dọọdún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni méje mìíràn dárúkọ owó tiwọn, kò pọ̀, wọ́n sì sún ìdìbò sí ìpàdé tó ń bọ̀ láti wò ó bóyá owó náà yóò wọlé lóòótọ́. Nígbà tí a ń túká, akọ̀wé bi mí bóyá kí wọ́n kọ orúkọ mi sára òkúta mábù bí mo bá san án tán. Mo ní kó kọ orúkọ ìyá mi. Ó yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó ní ìyá mi kò sí lára àwọn tó dáwó, òun yóò bi alága léèrè bóyá òfin gbà á.

Ìparí oṣù yìí ni wọ́n ní kí n mú owó àkọ́kọ́ wá.